Tortuguero, Etíkun Ìjàpá Òkun

Tortuguero jẹ́ etíkun kan ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Costa Rica, lẹ́bàá Òkun Karibíà. Ó gùn tó kìlómítà 35, láti ẹnu odò Tortuguero títí dé ẹnu odò Parismina ní ìhà gúúsù, ó sì lọ tààrà láìsí àpáta tí ó dí i lọ́nà. Iyanrìn rẹ̀ dúdú, nítorí pé ohun tí àwọn òkè oníná àárín ilẹ̀ náà pọ̀ jáde láyé àtijọ́ ni odò ń rọ́ wá sí òkun. Ọ̀sà tóóró kan nà lọ lẹ́yìn etíkun náà, ẹ̀yìn ọ̀sà sì ni igbó kìjikìji àti àbàtà wà. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ ní gbogbo oṣù. Iye rẹ̀ lọ́dún máa ń ju 5,000 mìlímítà lọ, ìyẹn ju ìlọ́po méjì òjò tí ń rọ̀ ní Èkó. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tí ó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ òfuurufú kékeré ló ń gbé èèyàn lọ, abúlé tí àlejò sì máa bá níbẹ̀ wà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí òkun àti ọ̀sà há sáàárín.

Ìjàpá òkun aláwọ̀ ewé, tí àwọn onímọ̀ ẹranko ń pè ní Chelonia mydas, ló sọ ibẹ̀ di ìlú mọ̀ọ́ká. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá ni àwọn abo rẹ̀ ń gòkè wá yé ẹyin, òru ni wọ́n sì sábà máa ń wá. Abo tí ó ti dàgbà lè wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ. Nínú omi, ó yára, ó sì lágbára. Lórí ilẹ̀, ńṣe ni ó ń wọ́, tí ó ń mí gúlegúle, tí ó ń sinmi lẹ́yìn ìṣísẹ̀ díẹ̀. Tí ó bá dé ibi tí omi kò lè dé, yóò fi apá iwájú gbọ́n iyanrìn dànù, yóò fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò jíjìn, yóò sì yé ẹyin bí 110 sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò bo ihò, tí yóò da iyanrìn káàkiri kí ojú ibẹ̀ má baà hàn, tí yóò sì padà sínú omi. Gbogbo rẹ̀ lè gba wákàtí méjì. Bí ọjọ́ 12 lẹ́yìn èyí, yóò tún gòkè, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà bíi mélòó kan ní àsìkò kan náà kí ó tó lọ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta gbáko. Ẹyin ń lo bí oṣù méjì nínú iyanrìn kí ó tó pa. Ooru iyanrìn ló ń pinnu irú ọmọ tí yóò jáde: èyí tí ó gbóná ń mú abo wá, èyí tí ó tutù ń mú akọ wá.

Ohun méjì nínú ìwà ẹranko yìí ló ṣàlàyé gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ní Tortuguero. Kí ẹyin tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ẹ̀rù kì í pẹ́ bà á: bí iná bá tàn tàbí tí èèyàn bá kọjá níwájú rẹ̀, yóò ṣẹ́rí padà sínú òkun. Ṣùgbọ́n tí ẹyin bá ti ń bọ́, kò bìkítà fún ohunkóhun mọ́. Èèyàn lè dúró tì í, kí ó fi okùn wọ̀n ọ́n, kí ó sì fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun kejì ni pé bí wọ́n bá dá a dojú ikùn rẹ̀ sókè, agbára rẹ̀ pin, kò lè yí ara rẹ̀ padà. Ọdẹ, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti arìnrìn-àjò afẹ́ ló ti rin etíkun yìí lóru, ìwà méjì yìí náà ni wọ́n sì gbójú lé, oníkálukú ní àkókò tirẹ̀.

Àwọn tí ìwé àtijọ́ dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìjàpá òkun ní agbègbè náà ni àwọn Miskito, tí ilé wọn wà ní etíkun Nicaragua àti Honduras. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára wọn, nítorí pé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn ẹrú tí ọkọ̀ wọn fọ́ ní etíkun náà wọ àárín wọn, wọ́n sì jọ ń fẹ́ ara wọn. Ọkọ̀ igi tí wọ́n gbẹ́ àti ọ̀kọ̀ olókùn ni wọ́n fi ń ṣọdẹ: ẹnì kan ń tukọ̀ lẹ́yìn, ẹnì kejì dúró níwájú tòun ti ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, ó ń wá ibi tí ìjàpá yóò ti yọrí láti mí. William Dampier, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá àwọn ajalèlókun rìn, ròyìn wọn nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ tí ó jáde ní 1697. Ó ní kò sí ọkọ̀ ajalèlókun tí kì í wá Miskito kan tàbí méjì mọ́ra, torí pé ẹni méjì péré lè fi ìjàpá àti ẹja bọ́ ọgọ́rùn-ún atukọ̀.

Ìgbàgbọ́ àwọn Miskito ni pé Ìyá Ìjàpá wà, ẹ̀mí kan tí ó ń darí ìjàpá lójú òkun, tí ó lè kó wọn sún mọ́ ọdẹ, tí ó sì lè kó wọn lọ bí ọdẹ bá ṣe àṣejù. Ní Tortuguero, òkè kékeré kan tí ó dá dúró lẹ́bàá ẹnu odò ni wọ́n so ìtàn náà mọ́. Wọ́n ní òkúta kan tí ó rí bí ìjàpá wà níbẹ̀, tí ó máa ń yíjú sí ilẹ̀ nígbà tí àwọn ìjàpá bá fẹ́ gòkè, tí ó sì ń yíjú sí òkun nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Kò jìnnà sí ojú tí àwọn apẹja etíkun nílẹ̀ Yorùbá fi ń wo Olókun: òkun lólúwa, a kì í kó ohun inú rẹ̀ bí ẹni pé kò lẹ́ni.

Àwọn ará Yúróòpù tí ó dé lẹ́yìn náà kò wò ó bẹ́ẹ̀. Ní 1502, Christopher Columbus gúnlẹ̀ sí etíkun Costa Rica, níbi tí kò jìnnà sí ìlú Limón òde òní. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1503, ọkọ̀ rẹ̀ kọjá lára àwọn erékùṣù tí a mọ̀ sí Cayman báyìí. Ìjàpá pọ̀ nínú omi àti lórí ilẹ̀ ibẹ̀ débi pé Las Tortugas ni wọ́n sọ wọ́n. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Jàmáíkà lọ́wọ́ Sípéènì ní 1655, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Cayman lọ́pọ̀ yanturu láti kó ìjàpá wá bọ́ ọmọ ogun, tálákà àti ẹrú. Ohun tí atukọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí ọkọ̀ bí wọ́n bá ti dá a dojú ikùn sókè, tí wọ́n sì ń bu omi sí i lára. Ní ayé tí kò tíì sí fìríìjì, ẹran tútù tí kì í bàjẹ́ ni. Àìmọye ọkọ̀ ogun àti ọkọ̀ oníṣòwò tí ó gba Òkun Karibíà kọjá ló gbára lé e.

Kò ju bí ọ̀rúndún kan àbọ̀ lọ tí ìjàpá Cayman fi run. Nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń parí lọ, àwọn atukọ̀ Cayman ti ń lọ wá a ní gúúsù Cuba. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì fi máa dé ìdajì, wọ́n ti dé àwọn erékùṣù wẹ́wẹ́ Miskito ní Nicaragua, níbi tí koríko abẹ́ òkun tí ìjàpá ń jẹ ti pọ̀ jù lọ ní gbogbo agbègbè náà. Láàárín àkókò yìí, ohun tí ó jẹ́ oúnjẹ ẹrú ní Jàmáíkà ti di oúnjẹ ọlọ́lá ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti bí àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ọkọ̀ ti ń kó ìjàpá láàyè gba orí òkun lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń fi í se ọbẹ̀ fún àsè olórí ìlú àti àwọn oníṣòwò ńlá. Ohun tí ó mú kí ọbẹ̀ náà ki, kí ó sì fà, ni ọ̀rá ìjàpá náà, tí ó ní àwọ̀ ewé, àti kerekere tí ó wà nínú ìkarahun abẹ́ ikùn rẹ̀. Nígbà tó yá, ọkọ̀ Cayman tún ń kó ìjàpá lọ sí Key West ní Florida, níbi tí ilé iṣẹ́ ti ń dì í sínú agolo fún ọjà Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà ìjàpá yìí náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú gbà tẹ etíkun Costa Rica dó. Cahuita, tí ó wà ní gúúsù Limón, bẹ̀rẹ̀ ní 1828 nígbà tí William Smith, apẹja ìjàpá tí ó máa ń ti Bocas del Toro wá lọ́dọọdún, mú ìdílé rẹ̀ wá síbẹ̀ láti máa gbé. Tortuguero, tí àwọn atukọ̀ tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ìbílẹ̀ Karibíà ń pè ní Turtle Bogue, pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó di abúlé. Fún ìgbà pípẹ́, àgọ́ àsìkò ni: èèyàn ń dé nígbà ìjàpá, wọ́n ń lọ nígbà tí ó bá tán. Ní ọ̀rúndún ogún ni àwọn ìdílé láti etíkun Nicaragua àti àwọn erékùṣù San Andrés àti Providencia fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n gbin àgbọn, wọ́n pa ẹja, wọ́n ṣọdẹ nínú igbó, wọ́n sì ń dúró de oṣù Keje.

Iṣẹ́ tí ó gba òru wọn ní oṣù náà tọ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí pé iṣẹ́ líle ni, ó sì ti parẹ́. Wọ́n pín etíkun sí máìlì máìlì, wọ́n ń yá a fún ẹni tí ó bá lè sanwó, ẹni tí ó bá sì gba máìlì kan yóò fi ọkùnrin kan síbẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ ọ lóru. Velador ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní èdè Sípéènì, ìyẹn ẹni tí ń ṣe àìsùn. Abà kékeré tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ni ilé rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rin máìlì rẹ̀ lọ, yóò rìn ín bọ̀, láìtan iná, nínú òjò àti ẹ̀fọn. Kì í ṣe ìjàpá ló ń wá, ipasẹ̀ rẹ̀ ni: ilà gbọọrọ tí ó dúdú ju iyanrìn yòókù lọ, tí ó ti etí omi gòkè wá. Tí ó bá rí ipasẹ̀ tí ó gòkè tí kò sọ̀, ó mọ̀ pé ẹni tí ó ni ín ṣì wà lókè. Yóò tọ̀ ọ́ lọ, yóò ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìkarahun, yóò sì dá a dojú ikùn sókè.

Ilẹ̀ á mọ́, ọkọ̀ oníṣòwò á dé láti Limón, ṣùgbọ́n ìgbì Tortuguero le, ọkọ̀ kò lè sún mọ́ èbúté. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọ́n á so igi fúyẹ́ tí ó lè léfòó mọ́ apá ìjàpá pẹ̀lú okùn, wọ́n á dá a padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí ó sáré wọ òkun. Ìjàpá náà á fi gbogbo agbára rẹ̀ la ìgbì kọjá, á máa fa igi lẹ́yìn, àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ní ìta á sì mú igi, wọ́n á fà á wọlé. Kò sí ohun tí ó fi bí ọjà yìí ṣe rí hàn tó ọgbọ́n yìí: agbára tí ẹranko náà ń sá àsálà pẹ̀lú ni wọ́n fi ń gbé e lọ sọ́jà. Bí iye owó kerekere abẹ́ ikùn ṣe ń ròkè, àwọn kan tilẹ̀ ń pa ìjàpá lórí iyanrìn, wọ́n ń gé kerekere yìí nìkan, wọ́n sì ń fi ẹran sílẹ̀ kí ó jẹrà. Àwọn mìíràn ń kó ẹyin. Ní àárín ọ̀rúndún ogún, abo tí ó gòkè sí Tortuguero tí ó sì padà sínú òkun láìfarapa kò pọ̀ ní àsìkò tí iṣẹ́ bá gbóná.

Archie Carr, tí wọ́n bí ní 1909, jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Florida. Ó ti kọ ìwé ńlá kan lórí ìjàpá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1952, ìgbà tí ó ń kọ ọ́ ló sì rí i pé ohun tí àwọn onímọ̀ mọ̀ nípa ìjàpá òkun kéré gan-an: wọn kò mọ ibi tí ó ń gbà, wọn kò mọ bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó padà. Ó gbéra, ó ń lọ láti èbúté dé èbúté káàkiri Karibíà, ó ń bi àwọn apẹja léèrè. Èyí wúni lórí nínú iṣẹ́ rẹ̀, pé ó gbà pé àwọn tí wọ́n ń pa ìjàpá ló mọ̀ ọ́n jù. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Cayman sọ fún un pé àwọn máa ń fín orúkọ sára ìjàpá kí wọ́n tó kó o lọ sí Florida, àti pé ìjì ti tú irú ìjàpá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí nínú ọgbà tí wọ́n kó wọn sí níbẹ̀, tí wọ́n sì tún mú un ní erékùṣù Miskito, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mú un. Carr gba ọ̀rọ̀ náà bí ohun tí ó yẹ kí a dán wò. Àwọn ọdẹ yìí náà ló sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ rí ibi tí ìjàpá ti ń gòkè, Tortuguero ni kí ó lọ.

Ní 1955 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí ìjàpá lára níbẹ̀. Àwọn àmì tí wọ́n kọ́kọ́ fi wáyà so mọ́ ìkarahun kò pẹ́ kí wọ́n tó já dànù. Wọ́n wá mú irin tí àwọn darandaran Amẹ́ríkà máa ń kì bọ etí màlúù, wọ́n kì í bọ apá iwájú ìjàpá, ó sì dúró. Nọ́ńbà wà lára irin náà, àdírẹ́sì yunifásítì náà wà níbẹ̀, àti ìlérí dọ́là márùn-ún fún ẹni tí ó bá dá a padà. Iṣẹ́ náà fara jọ iṣẹ́ velador: rírìn nínú òkùnkùn, wíwá ipasẹ̀, dídúró títí ẹyin yóò fi máa bọ́. Àwọn ará abúlé ni wọ́n sì gbà sí i.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ọ̀dọ̀ apẹja, oníṣòwò àti míṣọ́nnárì ní oríṣiríṣi etíkun. Ìròyìn méjì ló wà nínú wọn. Àwọn ìjàpá Tortuguero ń fọ́n ká sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Karibíà, ṣùgbọ́n láti Nicaragua ni àmì tí ó padà ti pọ̀ jù lọ, ní orí koríko abẹ́ òkun tí àwọn Miskito ń ṣọdẹ lórí rẹ̀. Èkejì ni pé àwọn tí wọ́n rí tí ó tún ń yé, Tortuguero ni wọ́n padà sí. Ní 1990, Anne Meylan, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Carr, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àyẹ̀wò DNA ti èrò náà lẹ́yìn pé etíkun tí wọ́n ti pa abo kan ni òun náà ń padà sí láti yé.

Ìwé Carr tí ń jẹ́ The Windward Road jáde ní 1956. Kì í ṣe ìwé ìmọ̀ gbígbẹ. Ó sọ ìtàn àwọn etíkun náà àti àwọn èèyàn ibẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé ìjàpá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Joshua Powers, ọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn ní New York, kà á, ó rà á fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní Ẹgbẹ́ Ará Ìjàpá Aláwọ̀ Ewé. Ní 1959 ni ẹgbẹ́ náà di Caribbean Conservation Corporation, èyí tí orúkọ rẹ̀ yí sí Sea Turtle Conservancy ní 2010. Ilé ìwádìí wọn wà ní Tortuguero títí di òní, nítòsí abúlé.

Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n dáwọ́ lé kò yọrí. Ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ìjàpá láti Tortuguero lọ sí àwọn etíkun mìíràn ní Karibíà ní àwọn ọdún 1960, pẹ̀lú ìrètí pé wọn yóò dàgbà, wọn yóò sì padà síbẹ̀ wá yé. Kò sí etíkun tuntun tí ó ti ara rẹ̀ jáde ní gbangba. Ohun tí ó ṣiṣẹ́ ni ìtọ́jú etíkun tí àwọn ìjàpá ti yàn fúnra wọn.

Ní 1963, ìjọba Costa Rica fi àṣẹ dín mímú ìjàpá kù ní Tortuguero. Ní 1970, nígbà ìjọba José Figueres, wọ́n fi àṣẹ sọ ibẹ̀ di ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè. Ní 1975, nígbà ìjọba Daniel Oduber, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi òfin gbé e ró. Iṣẹ́ velador parí níbẹ̀. Kò rọrùn fún abúlé. Láti àwọn ọdún 1940 ni iléeṣẹ́ gẹdú ti ń gba àwọn èèyàn síṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sọ Sípéènì sì ti tìtorí rẹ̀ wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ gẹdú náà kógbá sílé ní àkókò kan náà tí ọgbà ìpamọ́ gba igbó tí wọ́n ti ń ṣọdẹ àti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dáko. Ìtàn ìdáàbòbò tí kò bá mẹ́nu ba iye tí ó ná àwọn tálákà ibẹ̀ kò pé.

Ní apá kejì, ní Nicaragua, nǹkan ń bàjẹ́ sí i. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni àwọn iléeṣẹ́ tí ń ra ìjàpá ti ṣí sí etíkun àwọn Miskito, tí wọ́n ń kó ẹran àti kerekere ránṣẹ́ sí òkè òkun. Bernard Nietschmann, onímọ̀ jọ́gíráfì ará Amẹ́ríkà tí ó gbé láàárín wọn ní 1968 àti 1969, ṣàkọsílẹ̀ ohun tí ọjà yìí ṣe. Tẹ́lẹ̀, bí ọdẹ bá mú ìjàpá wálé, yóò pín in fún ẹbí àti àwọn àgbà. Kò sí ilé ìbátan tí ebi yóò máa pa nígbà tí ẹran wà nílé ẹlòmíràn. Nígbà tí iléeṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, ọdẹ ń jẹ gbèsè ìyẹ̀fun àti ṣúgà lọ́wọ́ wọn, ó sì gbọ́dọ̀ fi ìjàpá san án. Wọ́n ń mú ìjàpá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹran sì ń wọ́n lábúlé. Nígbà tí Nicaragua darapọ̀ mọ́ àdéhùn àgbáyé CITES, tí ó de òwò ẹranko tí ó ń run, ni àwọn iléeṣẹ́ náà tì ní 1977. Kò dájú pé àmì irin Carr kò ní di ìtàn lásán ká ní wọ́n pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn ìjàpá tí Costa Rica ń ṣọ́ lórí iyanrìn náà ni wọ́n ń pa lójú òkun Nicaragua.

Costa Rica fúnra rẹ̀ kò tíì jáwọ́ tán. Títí di òpin ọ̀rúndún ogún, òfin ṣì gba àwọn apẹja Limón láyè láti pa ìjàpá 1,800 lọ́dún, àwọn tí kò gbàṣẹ sì ń pa tiwọn kún un. Ní 1999 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ lórílẹ̀-èdè náà fagi lé òfin yẹn.

Àlejò kò pọ̀ ní Tortuguero kí ipa omi tó là. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gbẹ́ ilẹ̀ láàárín àwọn odò àti ọ̀sà, tí ó so wọ́n pọ̀, tí ọkọ̀ kékeré fi lè ti ìtòsí Limón rìn dé àríwá láìfojú kan ìgbì òkun. Láti àwọn ọdún 1980 ni ilé ìgbàlejò ti ń pọ̀ sí i ní etí ọ̀sà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àlejò ń rìn bí ó ṣe wù ú, tòun ti tọ́ọ̀ṣì àti kámẹ́rà, ìjàpá sì ń ṣẹ́rí padà kí wọ́n tó yé. Ní 1990, ilé ìwádìí Caribbean Conservation Corporation bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará abúlé ní iṣẹ́ afinimọ̀nà, iṣẹ́ yìí ló sì wá di oúnjẹ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ìmọ̀ tí wọ́n ń lò ni ìmọ̀ àwọn aṣọ́nà òru àtijọ́: kíka ipasẹ̀, mímọ ìgbà tí ẹyin ti ń bọ́, ìrìn tí kò lariwo.

Ìlànà àbẹ̀wò òde òní le. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ etíkun láìní afinimọ̀nà tí ó gba ìwé àṣẹ. Ìgbà méjì ni wọ́n ń wọlé, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́ àti láti aago mẹ́wàá sí aago méjìlá òru, afinimọ̀nà kan kì í sì í mú ju èèyàn mẹ́wàá lọ. Aṣọ dúdú ni wọ́n ń wọ̀. Kò sí kámẹ́rà, kò sí fóònù, kò sí sìgá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn òṣìṣẹ́ kan nìkan ló ń rin iyanrìn láti wá ìjàpá, àwọn àlejò sì ń dúró lójú ọ̀nà tí ó wà lẹ́yìn igi. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá rí èyí tí ó ti ń yé, yóò fi rédíò pe afinimọ̀nà, ìgbà náà ni àwọn àlejò yóò tó gba ẹ̀yìn ìjàpá sún mọ́ ọn, tí wọn yóò rí ẹyin funfun tí ń bọ́ sínú ihò nínú ìmọ́lẹ̀ pupa tí kò tàn jìnnà. Ohun tí àlejò rí lè má ju ìdajì wákàtí lọ, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí pé owó tí ó wọ abúlé kò béèrè ikú ìjàpá kankan.

Èso rẹ̀ hàn nínú kíkà. Sebastian Troëng àti Eddy Rankin ṣírò nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2005 pé iye ìtẹ́ ìjàpá aláwọ̀ ewé fi ìdá 417 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín 1971 àti 2003. Láti 1999 sí 2003, ìtẹ́ tí wọ́n ń rí lọ́dún lé ní 100,000 ní ìpíndọ́gba. Kò sí etíkun mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn Òkun Àtìláńtíìkì tí ìjàpá yìí ti ń yé tó bẹ́ẹ̀. Àwọn jaguar inú igbó náà, ẹranko tí ó fara jọ ẹkùn, ti kọ́ láti máa wá pa àwọn abo lórí iyanrìn, wọ́n sì ń pa ọ̀pọ̀ lọ́dún, àmọ́ èyí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ó ń gòkè.

Lẹ́yìn àwọn ọdún náà, iye ìtẹ́ náà tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ìjàpá òkun aláwọ, èyí tí ó tóbi jù nínú gbogbo wọn, tí ó máa ń yé níbẹ̀ láti oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà, ti dín kù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Nicaragua, wọ́n ṣì gba àwọn Miskito láyè láti pa ìjàpá fún oúnjẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n sì ń pa lọ́dún. Ó tó ogún ọdún ó lé kí ọmọ ìjàpá aláwọ̀ ewé tó dàgbà tó láti yé. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn abo tí ń gòkè sí Tortuguero lónìí jẹ́ ọmọ ìtẹ́ tí wọ́n ṣọ́ ní òpin ọ̀rúndún tó kọjá, àbùkù tí ó bá sì bá àwọn ọmọ ìjàpá nínú omi báyìí kò ní hàn lórí iyanrìn títí di ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń fi àmì sí ìjàpá lára níbẹ̀ láti 1955 fi ń bá iṣẹ́ náà lọ ní gbogbo àsìkò ìyéyin.